Ta Ló Gba Orúkọ Oǹdó Lórí Google?

Ẹni tó bá tẹ lẹ́tà mẹ́rin péré, o-n-d-o, sínú Google lónìí, ó lè má jẹ́ ìlú Oǹdó, tí Ọṣemàwé jẹ́ ọba rẹ̀, ni yóò kọ́kọ́ bá pàdé. Owó orí íntánẹ́ẹ̀tì kan wà tó ń jẹ́ ONDO. Ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2021, Ondo Finance, ló wà nídìí rẹ̀, oṣù Kìíní ọdún 2024 ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ná an lọ́jà. Láti ìgbà náà ni iye owó tó ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀ ti ń bá ìlú tó ti ní ọba kí Amẹ́ríkà tó di orílẹ̀-èdè du orúkọ kan náà. Àwọn ará Japan ní irú orin ijó ìbílẹ̀ kan tí àwọn náà ń pè ní ondo. Bí a bá sì yọ gbogbo ìyẹn kúrò, Ìpínlẹ̀ Oǹdó ṣì kù, ìpínlẹ̀ tí olú-ìlú rẹ̀ kì í ṣe Oǹdó bí kò ṣe Àkúrẹ́.

Àárín ìjà orúkọ yìí ni ẹni tó ń ta táìlì ní Yaba nílùú Oǹdó bá ara rẹ̀. Yaba ọ̀hún gan-an, ti Èkó ni gbogbo ayé mọ̀. Orúkọ àdúgbò bíi Sabo náà kò ṣeé fọkàn tẹ̀: ó wà ní Ìbàdàn, ó wà ní Ṣàgámù, ó wà l'Ékòó. Bí oníṣòwò náà bá kọ "táìlì olówó pọ́ọ́kú ní Yaba" sí ojú òpó rẹ̀ tó sì fi mọ síbẹ̀, àwọn tó lè fẹsẹ̀ rìn dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò ní rí i, ará Èkó tó bá sì ṣèèṣì rí i kò ní wá. Yunifásítì ìmọ̀ ìṣègùn tí ìjọba ìpínlẹ̀ dá sílẹ̀ níbẹ̀, UNIMED, máa ń kọ "Ondo City" mọ́ orúkọ rẹ̀. Yálà wọ́n ro ti Google tàbí wọn kò rò ó, ọ̀rọ̀ kékeré yẹn ya ìlú sọ́tọ̀ kúrò lára ìpínlẹ̀, ó sì yà á kúrò lára owó. Ó yẹ kí àwọn oníṣòwò ìlú náà ṣe bẹ́ẹ̀.

Ojú-ewé èsì tí Google ń gbé jáde ní apá méjì. Àwọn tó sanwó ìpolówó wà lápá kan, Google sì máa ń kọ "Sponsored" sí wọn lórí kí èèyàn lè mọ̀. Ọjọ́ tí owó wọn bá tán ni wọ́n ń pòórá. Apá kejì jẹ́ ti àwọn tí Google fúnra rẹ̀ tò sílẹ̀ láì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn. Apá kejì yìí ni iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní SEO dá lé: bí ojú òpó kan ṣe lè dé òkè láàárín èsì tí ẹnikẹ́ni kò sanwó fún. Google nìkan la sì ń dárúkọ nítorí pé nínú ìbéèrè 100 tí àwọn èèyàn ń tẹ̀ lágbàáyé, nǹkan bí 90 ló ń lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ 2024, Adájọ́ Amit Mehta ní Amẹ́ríkà tilẹ̀ dá a lẹ́bi pé ó fi ọ̀nà tí kò bófin mu sọ ọjà náà di tara rẹ̀ nìkan. Ìdájọ́ yẹn kò tíì yí ohunkóhun padà fún ẹni tó ń tajà ní Ọjà Ọba.

Ìdí tí ẹnì kan fi ń ṣíwájú ẹlòmíràn kì í ṣe awo. Google ní ètò kọ̀ǹpútà kan, Googlebot, tó ń ti orí ìjápọ̀ kan bọ́ sórí òmíràn, tó ń ka ojú-ewé lójú-ewé, tó sì ń kó ohun tó kà pamọ́. Ojú-ewé tí kò bá sí nínú àkójọ yẹn kò lè jáde láéláé, bó ti wù kó dára tó. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá tirẹ̀ wà níbẹ̀, kó tẹ "site:" sínú Google, kó sì lẹ àdírẹ́sì ojú òpó rẹ̀ mọ́ ọn láì fi àyè sílẹ̀. Ó máa ń ya àwọn ẹlòmíràn lẹ́nu láti rí i pé òfo ló jáde. Nígbà mìíràn, ẹni tó kọ́ ojú òpó náà ló ti ìlẹ̀kùn mọ́ Googlebot nígbà tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́, tó sì gbàgbé láti ṣí i: ìlà kan nínú fáìlì robots.txt, tàbí àpótí kékeré kan nínú WordPress tí wọ́n fi àmì sí pé kí àwọn ẹ̀rọ ìṣàwárí má yà síbẹ̀. Irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ kì í gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ láti tún ṣe, ó sì lè ti gba odidi ọdún kan lọ́wọ́ ẹni tó ni ojú òpó.

Lẹ́yìn àkójọ ló wá kan títò. Nígbà tí Larry Page àti Sergey Brin dá Google sílẹ̀ ní 1998, ohun tó mú kí tiwọn yàtọ̀ ni pé wọ́n ka ìjápọ̀ láti ojú òpó kan sí òmíràn sí ìbò, ìbò ẹni tí àwọn tó pọ̀ dìbò fún sì wúwo ju ti ẹni tí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Kò pẹ́ tí àwọn èèyàn fi bẹ̀rẹ̀ sí í ra ìbò. Ní oṣù Kejì 2011, Google gbé àtúnṣe tí wọ́n ń pè ní Panda jáde láti rẹ àwọn tó ń kọ ojú-ewé yẹpẹrẹ rẹpẹtẹ sílẹ̀. Ní oṣù Kẹrin 2012, Penguin tẹ̀ lé e fún àwọn tó ń ra ìjápọ̀. Ní 2019, BERT kọ́ ọ láti ka gbólóhùn lódindi dípò kó máa ṣa ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní oṣù Kẹta 2024, ó ṣòfin tuntun lórí àwọn tó ń fi ẹ̀rọ kọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ojú-ewé láti fi tan òun, àti lórí àwọn tó ń ra àdírẹ́sì tí ẹni tó ni í kò san owó rẹ̀ mọ́ kí wọ́n lè jẹ nínú orúkọ rere rẹ̀. Ohun tí kò yí padà láti ìbẹ̀rẹ̀ ni pé Google ń wá ojú-ewé tó dáhùn ìbéèrè, tí àwọn ẹlòmíràn sì jẹ́rìí sí.

Ta ló wá jókòó sójú-ewé àkọ́kọ́ nígbà tí ìbéèrè bá kan Àkúrẹ́?

Ẹni tó ń wá ilé ìtura yóò bá Hotels.ng pàdé, èyí tí Mark Essien dá sílẹ̀ ní 2013, yóò sì bá Booking.com. Àwọn méjèèjì kò ní bẹ́ẹ̀dì kan ṣoṣo ní Àlàgbàkà tàbí ní Ìjàpò, ṣùgbọ́n wọ́n ní ojú-ewé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún ilé ìtura kọ̀ọ̀kan, wọ́n kọ iye owó yàrá, wọ́n fi àwòrán sí i, wọ́n sì jẹ́ kí àwọn tó ti sùn níbẹ̀ sọ tẹnu wọn. Ilé ìtura náà fúnra rẹ̀, bó bá ní ojú òpó rárá, àwòrán ẹnu ọ̀nà àti "Welcome" ló sábà máa ń wà níbẹ̀. Ọmọ tó ń wá ìròyìn ìgbaniwọlé sí FUTA, yunifásítì tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní Àkúrẹ́ ní 1981, lè ka odidi wákàtí kan lórí ojú òpó Myschool àti àwọn tó jọ ọ́ kó tó dé ojú òpó yunifásítì náà. Bí ọ̀rọ̀ ìdìbò gómìnà ti ọjọ́ 16 oṣù Kọkànlá 2024 bá délẹ̀, ìwé ìròyìn Èkó àti Àbújá ló pọ̀ jù nínú èsì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àárín Àkúrẹ́ ni Owena Press ti ń tẹ The Hope.

Ohun tí a rí yìí máa ń mú kí àwọn oníṣòwò sọ pé owó ló ń sọ̀rọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ pátápátá. Lórí ìbéèrè gbígbòòrò bíi "ilé ìtura ní Àkúrẹ́", ẹni tó ni yàrá 20 kò lè borí ẹni tó kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé ìtura jọ, kò sì yẹ kó fi owó rẹ̀ ṣòfò lórí rẹ̀. Àmọ́ ẹni tó fẹ́ ṣe ìpàdé nítòsí FUTA kì í béèrè ohun gbígbòòrò. Ohun tó ń béèrè ni èyí tó sún mọ́ ẹnu ọ̀nà North Gate, tí jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ mọ́jú, tí gbọ̀ngàn rẹ̀ gba àádọ́ta èèyàn, tí ọkọ̀ ilé-ìwé lè dúró sí. Kò sí ilé-iṣẹ́ Èkó tó lè kọ ìyẹn dáadáa, nítorí wọn kò mọ̀ ọ́n. Ẹni tó ni ilé ìtura mọ̀ ọ́n, akọ̀wé tó ń gba àlejò mọ̀ ọ́n, ojoojúmọ́ ni wọ́n sì ń dáhùn rẹ̀ lórí fóònù. Wọn kò kàn kọ ọ́ sílẹ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ Òkè Ìdànrè fi èyí hàn ju ohunkóhun lọ. Láti ọjọ́ 8 oṣù Kẹwàá 2007 ni Nàìjíríà ti fi orúkọ òkè náà sórí ìwé àwọn ibi tí UNESCO lè gbà wọlé gẹ́gẹ́ bí ohun àjogúnbá àgbáyé. Orúkọ rẹ̀ kò fara sin. Àmọ́ ẹni tó bá wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì yóò máa ka ìtàn kan náà lẹ́nu èèyàn mẹ́wàá: àtẹ̀gùn 660, ààfin àtijọ́, ilé ẹjọ́, ilé ìwé. Ẹnì kan ló kọ ọ́, àwọn yòókù dà á kọ. Ohun tí àlejò fẹ́ mọ̀ gan-an kò wọ́pọ̀ nínú wọn: ibi tí wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ l'Ákùúrẹ́, iye tí wọ́n ń gbà lẹ́nu ọ̀nà lọ́dún yìí, ìgbà wo ló yẹ kí àgbàlagbà bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè kí oòrùn tó mú, bóyá omi wà lókè, ohun tí òjò ń fi àtẹ̀gùn ṣe. Ojú òpó kékeré tí ọmọ Ìdànrè kan bá kọ́, tó ń tún iye owó yẹn kọ nígbàkígbà tó bá yí padà, ní ohun tí Google ń wá lọ́wọ́. Ní oṣù Kejìlá 2022 ni ilé-iṣẹ́ náà fi ìrírí kún ohun tí àwọn tó ń bá a yẹ èsì wò gbọ́dọ̀ máa wá: ṣé ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ yìí ti dé ibẹ̀ rí?

Kòkó náà wà níbẹ̀. Ìpínlẹ̀ Oǹdó wà lára àwọn tó ń mú kòkó jáde jù ní Nàìjíríà, nígbà tí iye rẹ̀ sì fò kọjá dọ́là 10,000 fún tọ́ọ̀nù kan lọ́jà àgbáyé ní oṣù Kẹta 2024, gbogbo ẹni tó ní igi méjì lóko ló fẹ́ mọ iye tí wọ́n ń rà á lónìí. Iye ọjà London àti New York kò ṣòro rí. Iye tí wọ́n ń ra kílò kan ní ìlú Oǹdó láàárọ̀ òní ni kò rọrùn. Ilé-iṣẹ́ tó ń ra kòkó níbẹ̀ tó bá ń kọ ọ́ sójú òpó rẹ̀ lójoojúmọ́, pẹ̀lú ọjọ́ tó kọ ọ́ àti irú kòkó tó ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, yóò ní ojú-ewé tí àwọn àgbẹ̀ yóò máa padà sí, tí àwọn akọ̀ròyìn yóò sì máa tọ́ka sí. Ìtọ́ka àwọn akọ̀ròyìn yẹn ni ìbò tí Google ń kà. Ìbò tí wọ́n fowó rà kò lè dára tó o.

Àwọn yunifásítì ti mọ̀ nípa ìbò yìí tipẹ́, àfi pé ọ̀nà mìíràn ni wọ́n gbà mọ̀ ọ́n. Láti 2004 ni ẹgbẹ́ olùwádìí kan lábẹ́ àjọ ìwádìí CSIC ní orílẹ̀-èdè Spain ti ń ṣe Webometrics, èyí tó ń to àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga lágbàáyé ní ipò. Nínú ìṣirò wọn, ìdá 50 nínú 100 jẹ́ ti bí àwọn ojú òpó ìta ṣe ń tọ́ka sí ti yunifásítì náà tó. Bí èsì bá jáde ní oṣù Kìíní tàbí oṣù Keje, àwọn gíwá a máa yọ̀ tàbí kí wọ́n máa ṣàlàyé. Ohun tó dára nínú rẹ̀ ni pé ó mú kí àwọn olùkọ́ máa gbé iṣẹ́ ìwádìí wọn sí gbangba. Ohun tí kò dára ni pé ipò di ohun àmúyangàn, a sì gbàgbé akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá iye owó ilé-ìwé, tí fáìlì PDF tí wọ́n gbé sórí ẹ̀rọ dáwòrán kò sì lè dá a lóhùn lórí fóònù kékeré.

Yíyí orúkọ padà tún jẹ́ ìṣòro tirẹ̀. Adeyemi College of Education nílùú Oǹdó, tó bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn ọdún 1960, ti di Adeyemi Federal University of Education. Yunifásítì tó wà ní Òkìtìpupa ti ju orúkọ rẹ̀ àtijọ́ sílẹ̀, ó ti gba orúkọ Olóògbé Olúṣẹ́gun Àgágù. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló ṣì ń tẹ orúkọ àtijọ́, ìwé àti ìròyìn tó ti ogún ọdún wá sì ń tọ́ka sí àdírẹ́sì àtijọ́. Ẹni tó bá kó lọ sí àdírẹ́sì tuntun gbọ́dọ̀ fi àmì 301 sẹ́yìn lórí ojú-ewé kọ̀ọ̀kan, kí ẹ̀rọ lè mọ̀ pé ibi báyìí ni ilé ti ṣí lọ, kó sì kó ìbò àtijọ́ tẹ̀ lé e. Ojú-ewé kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe ẹnu ọ̀nà nìkan. Ó tún yẹ kí wọ́n máa san owó àdírẹ́sì àtijọ́ lọ́dọọdún, nítorí àdírẹ́sì tó bá bọ́ lọ́wọ́ ilé-ìwé lè di ibi tí wọ́n ti ń ta tẹ́tẹ́ kí ọdún tó yí po.

Fún oníṣòwò kékeré, máàpù ṣe pàtàkì ju gbogbo èyí lọ. Ọ̀fẹ́ ni Google Business Profile, tí wọ́n ń pè ní Google My Business títí di 2021. Òun ló ń gbé orúkọ, nọ́ńbà fóònù, wákàtí iṣẹ́ àti àwòrán sójú máàpù. Google sọ ọ́ ní gbangba pé ohun mẹ́ta lòun ń wò níbẹ̀: bí iṣẹ́ náà ṣe bá ohun tí wọ́n béèrè mu, bó ṣe jìnnà sí ẹni tó béèrè, àti bí òkìkí rẹ̀ ṣe tó. Ẹni tó wà ní Road Block kò lè sún mọ́ oníbàárà tó wà ní Ọba-Ilé, ṣùgbọ́n ó lè rí sí i pé iṣẹ́ tó kọ sílẹ̀ ni iṣẹ́ tó ń ṣe. Télọ̀ tó kọ "fashion" lásán kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun ń rán aṣọ ìgbéyàwó, òun sì ń gba iṣẹ́ aṣọ ẹbí. Àdírẹ́sì náà nílò àmójútó. "Òdìkejì ṣọ́ọ̀ṣì, lẹ́yìn ilé alájà méjì" yé ọlọ́kadà, kò yé máàpù. Plus Code, lẹ́tà àti nọ́ńbà díẹ̀ tí Google Maps ń fún ibikíbi tí ẹ bá fọwọ́ tẹ̀, ló wúlò ní àdúgbò tí ilé kò ní nọ́ńbà. Nígbà tí wọ́n bá ní kí ẹ ṣe fídíò ibi iṣẹ́ yín kí wọ́n lè gbà pé ẹ wà níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí pátákó orúkọ hàn, ẹ jẹ́ kí títì hàn.

Ọ̀rọ̀ àwọn oníbàárà tún wà ńbẹ̀. Kò sí ohun tó burú nínú kí aṣerunlóge bẹ oníbàárà tó rẹ́rìn-ín lọ pé kó bá òun kọ nǹkan sórí Google. Ohun tó lòdì sófin wọn ni kó fún un lówó tàbí kó dín owó iṣẹ́ kù fún un nítorí rẹ̀. Ẹni tó sì bínú tó kọ ọ̀rọ̀ burúkú sílẹ̀, ìdáhùn pẹ̀lẹ́ tí gbogbo ayé lè kà ṣe oore ju àríyànjiyàn lọ.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ojú òpó àdúgbò ti ń kú ni orí fóònù. Látìgbà tí Google ti ń fi ojú fóònù ka ojú-ewé, ohun tó hàn lórí Tecno tàbí itel ni ohun tó ń gbé ojú òpó sípò, kì í ṣe ohun tó dára lórí kọ̀ǹpútà ńlá tí ẹni tó kọ́ ọ fi hàn yín lọ́jọ́ tó wá gbowó. Google fẹ́ kí ohun tó tóbi jù lójú-ewé ti hàn kí ìṣẹ́jú-àáyá 2.5 tó kọjá. Àwòrán ilé ìtura kan tí wọ́n gbé kalẹ̀ bó ṣe ti inú kámẹ́rà jáde lè fa mẹ́gábáìtì márùn-ún, bẹ́ẹ̀ ni oṣù Kìíní 2025 ni NCC, àjọ tó ń bójú tó ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà, gbà kí àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù fi tó ìdá 50 nínú 100 kún owó tí wọ́n ń gbà. Oníbàárà tó ń ṣọ́ dátà rẹ̀ yóò pa á dé kó tó rí orúkọ ilé ìtura náà. PageSpeed Insights, tí Google fúnra rẹ̀ ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, yóò sọ fún èèyàn ohun tó wúwo nínú ojú-ewé rẹ̀.

Àrùn mìíràn ni fláyà. Ní gbogbo ilẹ̀ wa, ohunkóhun tí a bá fẹ́ kéde, fláyà la ń ṣe: iye owó ilé-ìwé, oúnjẹ àti iye rẹ̀, ọjọ́ ìwòsàn ọ̀fẹ́, gbogbo rẹ̀ nínú àwòrán kan pẹ̀lú òdòdó àti àwọ̀ mẹ́fà. Ó dára fún WhatsApp, níbi tí yóò ti pòórá lẹ́yìn wákàtí 24 bó bá jẹ́ sítátọ́ọ̀sì. Lójú òpó, ìyà ni. Ọ̀rọ̀ inú àwòrán kì í ṣe ohun tí ẹ lè fọkàn tán pé Google yóò kà bó ṣe yẹ. Ẹ kọ ọ́ ní lẹ́tà. Kí orí ọ̀rọ̀ ojú-ewé kọ̀ọ̀kan sì yàtọ̀ sí ti èkejì: ìdajì ojú òpó tí èèyàn ń ṣí ló ń jẹ́ "Home", bí ẹni pé gbogbo ọmọ inú ilé ló ń jẹ́ Táíwò.

Ní ti àwọn tó ń ta SEO fúnra rẹ̀, ẹ̀rí ti wà níwájú gbogbo wa láti ọdún pípẹ́. Ẹni tó bá ṣèlérí ipò kìíní láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, Google ti kọ ọ́ sínú ìtọ́sọ́nà rẹ̀ pé kò sẹ́ni tó lè ṣe onídùúró irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ohun tí àwọn tó wà nídìí iṣẹ́ níbẹ̀ sọ ni pé oṣù mẹ́rin sí ọdún kan ló ń gbà kí iṣẹ́ tó dára tó so èso. Àwọn kan ṣì ń gba owó láti kó ọ̀rọ̀ jọ sínú àmì "keywords" tó fara sin lẹ́yìn ojú-ewé, bẹ́ẹ̀ ni Google ti sọ láti oṣù Kẹsàn-án 2009 pé òun kì í wò ó. Àwọn mìíràn ń ta ìjápọ̀ 500 lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó tóbi ju ti Àkúrẹ́ lọ ti gbìyànjú irú ẹ̀tàn bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kejì 2006, Google yọ ojú òpó BMW ti Jámánì kúrò nínú èsì rẹ̀ nítorí ojú-ewé tí wọ́n ṣe láti fi tan ẹ̀rọ jẹ. Ní oṣù Kejì 2011, JC Penney, ilé ìtajà ńlá ní Amẹ́ríkà, já bọ́ láti ojú-ewé àkọ́kọ́ nígbà tí ìwé ìròyìn New York Times tú àṣírí ìjápọ̀ tí wọ́n rà fún un. BMW padà dìde. Òkìkí rẹ̀ gbà á. Ilé ìtajà kan ní Arákálẹ̀ l'Ákùúrẹ́ tí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí kò ní mọ ẹni tí yóò kọ̀wé sí.

Èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ jẹ́ ilẹ̀ tí àwọn tó ń dáko lórí rẹ̀ kò pọ̀. Oṣù Kejìlá 2013 ni Google Translate gba Yorùbá wọlé. Oṣù Kejì 2018 ni BBC Yorùbá bẹ̀rẹ̀, láti ìgbà náà ló sì ti wà lára àwọn tó ń dáhùn ìbéèrè ìròyìn tí a bá fi Yorùbá tẹ̀. Ní 2015, Kọ́lá Túbọ̀sún àti àwọn tó bá a ṣe é bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí YorubaName.com, ìwé atúmọ̀ orúkọ tí ojú-ewé kan wà fún orúkọ kọ̀ọ̀kan. Wọn kò nílò ẹ̀tàn kankan: àwọn òbí tó fẹ́ sọ ọmọ lórúkọ ní London àti Houston ń béèrè ìbéèrè kan, ojú-ewé tó dáhùn rẹ̀ kò sì pọ̀ nígbà náà. Irú àyè bẹ́ẹ̀ ṣì ṣí sílẹ̀ fún ìtọ́jú ìlera, fún ọ̀rọ̀ òfin ilẹ̀, fún iṣẹ́ àgbẹ̀. Àmì ohùn nìkan ló gba ìrònú. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń tẹ "Akure" láì fi àmì sí i, nítorí fóònù wọn kò jẹ́ kó rọrùn. Ẹni tó ń kọ ojú-ewé kò gbọdọ̀ torí ìyẹn ba èdè jẹ́. Kó kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ bó ṣe tọ́, kó fi lẹ́tà lásán ṣe àdírẹ́sì ojú-ewé, kí orúkọ ìlú náà sì hàn ní ọ̀nà méjèèjì níbì kan.

Ohun tó ń da gbogbo èyí rú báyìí ni ẹ̀rọ tó ń dáhùn fúnra rẹ̀. Láti oṣù Karùn-ún 2024 ni Google ti ń fi àkópọ̀ ìdáhùn tí AI kọ sókè èsì. Àjọ ìwádìí Pew ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde ní oṣù Keje 2025: àwọn tó rí àkópọ̀ náà kì í tẹ ìjápọ̀ kankan nínú èsì ju ìgbà 8 lọ nínú 100, àwọn tí kò rí i ń tẹ̀ ẹ́ ní ìgbà 15. Àwọn tó ń jẹun lórí àlàyé gbígbòòrò, bíi ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tàbí ìtàn ìlú, ni yóò kọ́kọ́ fojú winá rẹ̀. Àmọ́ ẹ̀rọ náà kò lè fúnra rẹ̀ mọ iye kílò kòkó l'Óǹdó tàbí bóyá dókítà ojú wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ Sátidé. Ó gbọ́dọ̀ rí i kà níbì kan.

Nítorí náà ni Search Console, irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ tí Google fi ń sọ fún èèyàn iye ìgbà tí ojú òpó rẹ̀ jáde àti iye ìgbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́, kò fi lè sọ gbogbo òótọ́ mọ́. Ilé-ìwòsàn kan lè rí i pé iye àwọn tó ń wọlé sójú òpó ti dín kù, kí fóònù rẹ̀ sì máa dún ju tẹ́lẹ̀ lọ, torí pé nọ́ńbà rẹ̀ ti wà nínú ìdáhùn ẹ̀rọ tàbí lójú máàpù, kò sì sí ẹni tó tún nílò láti tẹ ohunkóhun. Nọ́ọ̀sì tó ń gba káàdì lẹ́nu ọ̀nà ló lè bi aláìsàn tuntun léèrè ibi tó ti gbọ́ nípa wọn, kó sì kọ ìdáhùn rẹ̀ sínú ìwé.